Olùkọ́ tó ti gboyè, kí ló tún fẹ́ kọ́ kó tó kọ́ ọmọ tó wà látìmọ́lé?

Ìbéèrè: Ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́wàá, kí ló dé tó tún nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà látìmọ́lé tàbí nílé ìtọ́jú?

Ìdáhùn: Kíláàsì ibẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 17 lè jọ jókòó pọ̀. Ọ̀kan ń ṣe áljẹ́brà, èkejì ò tíì mọ̀wé kà. Àná lọ̀kan dé, ọ̀la ni wọ́n máa gbé òmíràn lọ sílé ẹjọ́, ó sì lè má padà mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ nìyẹn: kí ẹ̀kọ́ òòjọ́ parí lóòjọ́, kí ọmọ má dìde lọ́wọ́ òfo.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ìwà ipá ni ìṣòro tó ga jù?

Ìdáhùn: Ìtìjú ni èmi máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wo ọmọ ọdún 16 tí wọ́n ní kó kàwé sókè. Ó taari ìwé náà, ó ní, "Ìwé ọmọdé rèé, mi ò kà á." Olùkọ́ tí wọn ò kọ́ á pe wọ́dà. Èyí tí wọ́n kọ́ á fura pé kò lè kà á ni, kò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Kò ní jágbe mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí lójú wọn ti rí màbo. Tó bá yá, á wá ìtàn tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, tí gbólóhùn inú rẹ̀ ò le, wọ́n á jọ kà á ní kọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ààbò ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n ń kọ́ ìyẹn náà. Olùkọ́ á ka pẹ́ńsù tó pín, á tún un kà kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Ìbéèrè: Ṣé ìlànà kan wà lórí ẹ̀kọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ó wà. Lọ́dún 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà ààbò fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi sí àhámọ́. Ó ní olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n ni kó kọ́ wọn, àti pé ìwé ẹ̀rí tí ọmọ bá gbà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi hàn rárá pé ó wà látìmọ́lé. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí ọmọ ti mọ̀ sílẹ̀, kí ó sì rí i pé àkọsílẹ̀ náà tẹ̀ lé e dé ilé-ìwé tuntun. Bí kò bá tẹ̀ lé e, ìṣirò ìdá tí ọmọ náà ti kọ́ yanjú ni wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀ fún un.