Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀tù sí ìfun nítorí àlìkámà

Lóde ìnáwó ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹni tó bá fi iyán sílẹ̀ tó ń bèèrè sèmó, àwọn tó ń pín oúnjẹ á fẹ́ mọ ọmọ ìlú ibi tó ń ṣe. Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn. Sèmó ò sí nínú òwe náà. Àlìkámà ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, àlìkámà sì ní gluten, èròjà tó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà. (Iyán náà ń fà, àmọ́ kò sí gluten nínú tiẹ̀.) Bí gluten bá wọ inú ẹni tó ní àrùn celiac, àwọn ọmọ-ogun ara á dìde bí ẹni rí olè, ìfun onítọ̀hún ni wọ́n á sì máa ṣá.

Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní Netherlands, ló mú àlìkámà ní ọ̀daràn. Nígbà ìyàn ọdún 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di góòlù, ara àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ń le sí i. Bí búrẹ́dì ṣe padà dé, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn padà dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní 1950. Láti ìgbà náà, ìtọ́jú dúró sójú kan: má jẹ àlìkámà, má jẹ báálì, má jẹ ráì. Alárùn celiac ní Adó-Èkìtì lè jẹ iyán àti ẹ̀bà títí. Búrẹ́dì, páfù àti Indomie ló máa dùn ún.

Pé a lè kọ́ àwọn ọmọ-ogun yẹn kí wọ́n fi àlejò sílẹ̀, ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní 1953, Peter Medawar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yà eku mìíràn sára ọlẹ̀ eku. Nígbà tó dàgbà, ó gba awọ ẹ̀yà yẹn láìjà.

Ti àwọn olùwádìí ará Australia ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara àwọn àgbẹ̀ wa, tí àwọn ìyá wa ń ra oògùn lé jáde lára ọmọ, òun ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sára alárùn celiac 12, ogún-ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí pé aràn mọ bí wọ́n ṣe ń tu ara lójú. Ìdánwò tó tóbi ju ìyẹn lọ, tó jáde ní 2020, fi hàn pé aràn ò tó kéèyàn padà sídìí búrẹ́dì.

Ọgbọ́n Stephen Miller ní Yunifásítì Northwestern ló wọ̀ mí lójú. Ojoojúmọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń kú nínú wa, ara á sì kó òkú wọn lọ láìpariwo. Ó wá so èròjà tí ara ń bá jà mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ. Ara eku gbé e mọ́ òkú, kò bá a jà mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé hóró PLGA, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe òwú ọgbẹ́ tó ń yọ́ fúnra rẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ òkú yẹn. Wọ́n fi gliadin, apá gluten tó ń dá wàhálà sílẹ̀, pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n pè é ní TAK-101, wọ́n sì fà á sí àwọn alárùn celiac nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n jẹ gluten fún ọjọ́ 14. Àwọn ọmọ-ogun tó gbéra sí gluten nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fi ìdá 88 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò gba oògùn gidi.