Ìdí tí ìkùukùu fi ń wọ́n nígbà ọyẹ́

Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, ẹni tó dúró lórí òkè Màpó ní Ìbàdàn lè má fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn òrùlé páànù tó wà nísàlẹ̀. Ojú ọ̀run á ṣe bàìbàì, oòrùn á ràn ṣùgbọ́n ojú á lè wò ó. Ẹni tí kò bá fiyè sí i á ní ìkùukùu ló bo sánmà. Eruku ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro yé ni pé ìkùukùu kì í dá wà láìsí eruku tàbí ohun kéékèèké bíi rẹ̀. Síbẹ̀, àsìkò tí eruku pọ̀ lókè jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ni ìkùukùu máa ń wọ́n jù.

Bí oòrùn bá ń pa òkun, odò àti ewé igi, omi ara wọn á máa gòkè ní oru tí ojú kò lè rí. Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, òun ló ń gbé oru náà lọ sókè. Bó ṣe ń ga ni ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń dín kù; á fẹ̀, bó bá sì ti ń fẹ̀ ni á máa tutù. Kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ tí oru rẹ̀ kò tíì di omi bá gùn sókè ń mú nǹkan bíi díígírì 10 kúrò nínú ooru rẹ̀. Yóò dé ibi tí kò ti ní lè gba gbogbo oru yẹn mọ́ra mọ́, oru á sì padà di omi. Ohun kan náà ló ń mú kí ìgò omi tútù máa làágùn lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n oru kì í dédé di omi nínú òfuurufú. Ó ní láti rí nǹkan bà lé: eruku, èéfín igbó tí wọ́n sun, iyọ̀ tí ìgbì òkun ta sókè. Orí wọn ni ẹ̀kán omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán inú ìkùukùu kéré débi pé èyí tó tó mílíọ̀nù kan ló ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí òjò kò ní rọ̀.

Ọyẹ́ ní eruku, kò ní omi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn, láti inú aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sì sí òkun kankan lọ́nà tí yóò ti fa oru. Púpọ̀ nínú eruku náà ń ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad. Adágún ńlá kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó gbẹ, ó ku ìyẹ̀fun funfun tó jẹ́ èèpo àwọn ewédò kéékèèké tó kú sínú omi rẹ̀. Àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi ni afẹ́fẹ́ ń fún ara rẹ̀ gbà, tó fi ń sáré, tó sì ń gbọn ìyẹ̀fun yìí sókè. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn ju 1,500 kìlómítà lọ. Èyí tó bá kọjá wa a máa sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Bí a bá ń nu tẹlifíṣàn nígbà ọyẹ́, ìsàlẹ̀ adágún ni à ń nù kúrò lára rẹ̀.

Yàtọ̀ sí àìsí omi, afẹ́fẹ́ orí Sàhárà kì í gòkè lákòókò yìí, ṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ń gbóná sí i, a sì máa gbẹ ìwọ̀nba ìkùukùu tó bá fẹ́ yọjú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe gbẹ tó, kó gbé ìgò omi tútù síta: lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú gidi, ó lè má làágùn rárá. Ètè àti gìgísẹ̀ wa ni afẹ́fẹ́ náà ti ń fa omi.

Àìsí ìkùukùu yìí náà ló ń fa òtútù òwúrọ̀. Ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án máa ń fò lọ sókè lóru. Ìkùukùu àti oru omi ló sì máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Bí wọn kò bá sí, ilẹ̀ á tutù kíákíá.

Èkó kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ààlà kan wà láàárín afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó ń bọ̀ láti orí òkun. Nínú oṣù Kìíní, ààlà yìí máa ń sún mọ́ etíkun. Nínú oṣù Kẹjọ, á ti lọ jìnnà sí àríwá, dé etí Sàhárà. Afẹ́fẹ́ òkun ń yọ́ wọ abẹ́ ti aṣálẹ̀ ni, nítòsí ààlà sì rèé, ìpele rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ga tó láti kó ìkùukùu òjò jọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ara lè máa làágùn l'Ékòó nínú oṣù Kejì, kí òjò má sì rọ̀.

Kùrukùru àárọ̀ Èkó sì lè jẹ́ ojúlówó ìkùukùu tó jókòó sórí ilẹ̀: oru tó ti ọ̀sà wá ló tutù mọ́jú. Gíláàsì ọkọ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí. Bó bá rin, ìkùukùu ni, oòrùn á tú u ká kí ọ̀sán tó pọ́n. Bó bá jẹ́ eruku ló wà lórí rẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ojú ọjọ́ tó mọ́. Méjèèjì ló ń dá bàálù dúró ní pápákọ̀ òfuurufú, àmọ́ ti eruku ló ń pẹ́ jù.

Bí oṣù Kẹta bá ti ń wọlé, ààlà náà á máa padà sí àríwá, ìpele afẹ́fẹ́ òkun á nípọn sí i. Ìkùukùu tó máa ń ti ìlà oòrùn ṣú bọ̀ lásìkò yìí lè ga ju kìlómítà 12 lọ, orí rẹ̀ á di yìnyín, ìjì á sì máa ṣáájú rẹ̀ ká páànù. Òjò àkọ́rọ̀ yìí ló ń fọ eruku ọyẹ́ wálẹ̀. Omi tó bá kọ́kọ́ dà láti orí òrùlé á pọ́n, kò sì yẹ ní gbígbè fún mímu.