Bí ọmọ ilé ọba Constantinople ṣe ń di ayaba ní Jerúsálẹ́mù

Ìṣòro àwọn ajagun àgbélébùú, ìyẹn àwọn Kristẹni láti Yúróòpù tó gba Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1099, ò ju méjì lọ, owó ò tó wọn ná, sójà ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó lówó gan-an tó sì sún mọ́ wọn ni olú ọba Byzantium, ìyẹn ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà oòrùn, ní Constantinople (Istanbul òde òní). Torí náà, tí ọba Jerúsálẹ́mù bá ń wá ìyàwó, ó lè rán àwọn ìjòyè pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á dúnàádúrà títí.

Ọmọ mọ̀lẹ́bí lolú ọba máa ń yọ̀ǹda, kì í ṣe ọmọ inú ẹ̀. Ẹ wo Theodora Komnene: Isaac tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olú ọba Manuel ló bí i, ọdún 1158 ni wọ́n sì gbé e fún Baldwin Kẹta, ọba Jerúsálẹ́mù. Ọmọ bí ọdún 12 ni o, ọkọ ti tó bí 28!

Lọ́dọ̀ wa ọkọ ló ń san owó orí, níbẹ̀ yẹn ilé ìyàwó ló ń kó owó wá. 100,000 owó wúrà ni Manuel san, ó fi 10,000 sí i fún ìnáwó ìgbéyàwó, ká má tíì ka góòlù, òkúta iyebíye àti aṣọ sílíìkì tó bá ọmọ náà dé. Manuel náà ò ṣe lásán: lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó wọ Antioku, ìlú àwọn ajagun àgbélébùú kan ní àríwá, tìlù tìfọn, Baldwin sì ń gẹṣin bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ láì dé adé.

Nígbà tí ọkọ̀ Theodora gúnlẹ̀ sí èbúté Tírè, wọ́n mú un lọ Jerúsálẹ́mù, wọ́n ta òróró sí i lórí, wọ́n gbé adé wọ̀ ọ́, ó di ayaba nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ ti le ni ohun tí ọkọ náà máa ṣèlérí. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú kan pé tóun bá kú, ibẹ̀ ni ìyàwó òun á máa jẹ. Acre ni Baldwin dárúkọ, èbúté tówó ń wọlé sí jù! Nígbà tó kú ní 1163 láì bímọ, adé bọ́ sọ́wọ́ Amalric àbúrò ẹ̀, àmọ́ Acre di ti opó tí ò tíì pé 20 ọdún. Ọba tuntun wá ń jọba, owó èbúté ń lọ síbòmíì.

Theodora fúnra ẹ̀ ló tú u ká: ó bá Andronikos, ìbátan ẹ̀, sá lọ sí Dámásíkù lọ́dọ̀ Nur ad-Din, ọba Mùsùlùmí tó ń ṣàkóso ibẹ̀, bí Acre ṣe padà sọ́wọ́ ọba nìyẹn.

Nígbà tí Amalric náà fẹ́ Maria Komnene láti ilé kan náà ní 1167, Nablus ló fún un, ìlú tó wà láàárín ilẹ̀ tí ò ní èbúté kankan. Ṣé ẹ rí i? Àmọ́ Maria gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi Nablus jókòó dáadáa, ó fẹ́ Balian ti Ibelin ní 1177, nígbà tó sì di 1190 òun ló wà nídìí bí wọ́n ṣe tú ìgbéyàwó Isabella, ọmọ tó bí fún Amalric, ká kí Isabella lè fẹ́ Conrad ti Montferrat, kó sì di ayaba tó ń jọba. Ìran Isabella ladé náà wà títí Acre fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní 1291.