Abẹ́ Ilẹ̀ Ni Olmsted Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Iṣẹ́ Ayàwòrán Ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá wọ Central Park nílùú New York lónìí, tó rí adágún omi, pápá koríko tó tẹ́ rẹrẹ àti igbó tó ṣú, lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn, pé ńṣe ni wọ́n kàn kọ́lé yí i ká. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Irà ni ibi tí adágún yẹn wà tẹ́lẹ̀. Àpáta tó yọrí ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, ẹ̀tù ni wọ́n sì fi fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ọ̀nà tó lè kọjá. Inú iṣẹ́ yìí ni iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe é ń pe ara wọn ní landscape architect, ti fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà sì ni ìmọ̀ ìṣètò ìlú ti yọ lẹ́yìn náà. Frederick Law Olmsted ló wà nídìí rẹ̀. Igi àti òdòdó ni wọ́n sábà máa ń fi rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, omi àti ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ yanjú. Igi ló ń gbẹ̀yìn.

Ìlú Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 26 oṣù kẹrin, ọdún 1822. Ewé olóró kan ba ojú rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe, èyí kò sì jẹ́ kó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Yale nígbà tó yẹ. Kò gboyè ayàwòrán ilé, kò gboyè ẹnjiníà. Ní 1843 ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ṣáínà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó padà dé, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló yà sí. Oko tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní Staten Island ní 1848 ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an: níbẹ̀ ló ti yí ojú ọ̀nà padà, tó ṣí abà kúrò níwájú ilé lọ sẹ́yìn òkè, tó sì sọ kòtò ẹlẹ́rẹ̀ di adágún. Ní 1850 ó rìnrìn àjò lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé ọgbà ìgbafẹ́ Birkenhead, lódìkejì odò sí Liverpool, èyí tí Joseph Paxton ṣètò tí wọ́n sì ṣí ní 1847. Ohun méjì ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé àti olówó àti tálákà ló ni ọgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dènà ẹnikẹ́ni. Ìkejì ni pé ilẹ̀ amọ̀ tí kò so èso ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fi páìpù fa omi jáde lábẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n gbẹ́ adágún, wọ́n sì fi erùpẹ̀ adágún mọ òkìtì. Olmsted kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìròyìn kan rán an lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà láti 1852, ó sì kọ̀wé lórí bí oko ẹrú ṣe ń ba ènìyàn àti ilẹ̀ jẹ́.

Ní 1853 ni ìjọba ìpínlẹ̀ New York fàṣẹ sí i kí ìlú gba ilẹ̀ fún ọgbà ńlá kan láàárín gbùngbùn erékùṣù Manhattan. Lónìí, ilẹ̀ náà tó éékà 843. Ilẹ̀ yìí kò ṣófo, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Nǹkan bí 1,600 ènìyàn ló ń gbé níbẹ̀. Lápá ìwọ̀ oòrùn, láàárín òpópónà 82 àti 89, ni Seneca Village wà, abúlé tí àwọn ènìyàn dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ láti 1825. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ilé ẹ̀kọ́. Ní New York ìgbà yẹn, ọkùnrin dúdú kò lè dìbò àfi tó bá ní ohun ìní tó tó 250 dọ́là. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé ilẹ̀ wọn ni káàdì ìdìbò wọn. Nígbà tí ọdún 1857 fi máa parí, gbogbo wọn ti kúrò. Wọ́n sanwó ilẹ̀ fún àwọn onílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi owó tún àdúgbò tó fọ́nká kó jọ.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1857 yìí kan náà ni Olmsted gba iṣẹ́ alábòójútó níbẹ̀, lábẹ́ Egbert Viele tó jẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà. Ọrọ̀ ajé ti dojú dé lọ́dún náà, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ lọ jàra láàárín ìlú. Wọ́n kéde ìdíje fún àwòrán ọgbà náà, ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìíní sì jẹ́ 2,000 dọ́là. Calvert Vaux, ayàwòrán ilé tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ló rọ Olmsted pé kí àwọn jọ díje. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Vaux ló mọ àwòrán yíyà, Olmsted ló mọ ilẹ̀ náà ẹsẹ̀ bàtà dé ẹsẹ̀ bàtà nítorí ojoojúmọ́ ló ń rìn ín. Àwòrán 33 ló wọlé, tiwọn sì ni nọ́ńbà 33. Wọ́n pè é ní Greensward. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin, 1858, òun ló gba ipò kìíní.

Ọ̀nà ló jẹ́ kó yàtọ̀. Òfin ìdíje sọ pé ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán gbọ́dọ̀ la ọgbà já, kí ẹrù àti ọkọ̀ lè máa ti apá ìlà oòrùn ìlú lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Bí a bá gbé ọ̀nà mẹ́rin sórí ilẹ̀, ọgbà kan ti di ọgbà márùn-ún nìyẹn, ariwo kẹ̀kẹ́ ẹrù á sì bo gbogbo rẹ̀. Olmsted àti Vaux ri ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8. Wọ́n la àpáta, wọ́n fi òkúta mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì gbé afárá kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n da erùpẹ̀ sórí afárá, wọ́n gbin igi wẹ́wẹ́ sí eteetí, débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè kọjá lórí ọ̀nà náà láìmọ̀. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: wọ́n lè ti ọgbà lálẹ́, kí ọ̀nà ìsàlẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí fún ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé lẹ́yìn náà, kò sídìí láti wó nǹkan kan, wọ́n kàn gba ibẹ̀ ni.

Nínú ọgbà pẹ̀lú, ẹlẹ́sẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, agẹṣin ní tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní tirẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti máa pàdé, ọ̀kan á gba orí afárá, èkejì á gba abẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí afárá inú ọgbà náà fi lé ní 30.

Omi ló tún kù. George Waring, ẹnjiníà tó mọ bí a ṣe ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀, ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tóóró tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4, wọ́n á fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 sáàárín kòtò kan àti èkejì. Wọ́n á to páìpù amọ̀ sísun sínú rẹ̀, ẹnu dé ẹnu, láìlẹ̀ wọ́n pọ̀, nítorí pé àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu wọn ni omi inú ilẹ̀ ń gbà wọlé. Páìpù kéékèèké á da omi sínú èyí tó tóbi, èyí tó tóbi á dà á sínú adágún tàbí sínú gọ́tà ìlú. Ohun tó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ sábà máa ń fara sin. Bí páìpù bá rì díẹ̀ níbì kan, omi á fẹsẹ̀ fà níbẹ̀, iyanrìn kíkúnná á jókòó, yóò sì dí. Bí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri bá sún mọ́ ọn jù, gbòǹgbò á gba àlàfo wọlé, á gbilẹ̀ bí irun nínú páìpù. Nítorí náà, ẹni tó ń fa ìlà ibi tí igi máa wà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí páìpù gbà. Èyí gan-an ló ya iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà. Ní oṣù kejìlá 1858, adágún kún, ó dì, àwọn ará ìlú sì ń yọ̀ lórí yìnyín rẹ̀, nígbà tí ibi púpọ̀ nínú ọgbà ṣì wà ní ẹrẹ̀.

Ní 1860 Olmsted já láti inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, itan rẹ̀ ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì lọ títí ayé. Wọ́n ń fi àga gbé e kiri kó lè máa bẹ iṣẹ́ wò. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni orúkọ náà, landscape architect, bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára orúkọ òun àti Vaux nínú ìwé ìjọba. Olmsted kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Lójú rẹ̀, kò sọ ohun tí àwọn ń ṣe dáadáa. Vaux ló dì í mú.

Ogun abẹ́lé gbé e lọ sídìí ètò ìlera àwọn ọmọ ogun, lẹ́yìn náà ó lọ bójú tó ibi ìwakùsà góòlù ní California. Vaux ló pè é padà ní 1865 fún Prospect Park ní Brooklyn. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì Flatbush Avenue. Vaux ní àwọn kò ní ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí ọ̀nà ńlá là sí méjì, ó sì tún ààlà náà fà kí ọgbà lè wà ní odindi kan. Ìdí nìyẹn tí Long Meadow, pápá koríko inú ọgbà náà, fi nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú parkway jáde pẹ̀lú: òpópónà tó ní ojú ọ̀nà gbàgede láàárín, igi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, kí ọ̀nà kékeré tó wá kan ẹnu ilé àwọn ènìyàn. Eastern Parkway àti Ocean Parkway ṣì wà níbẹ̀.

Níbi yìí ni iṣẹ́ náà ti kúrò ní ti ọgbà, tó di ti ìlú. Ní Buffalo, láti 1868, wọ́n fi parkway so ọgbà mọ́ ọgbà. Ní Riverside, máìlì 9 sí Chicago, wọ́n ṣètò ìlú tuntun lórí éékà 1,600 létí odò Des Plaines. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ tẹ̀lé ilẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ má baà sáré gba ibẹ̀ já, ilé sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 30 jìnnà sí ojú ọ̀nà. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ náà wọ gbèsè lẹ́yìn tí Chicago jó ní 1871 tí ọrọ̀ ajé sì tún dojú dé ní 1873.

Bí a bá fẹ́ rí ọgbọ́n rẹ̀ ní kíkún, Boston ló yẹ ká wò. Ní 1878, pápá ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Back Bay ń rùn. Odò Muddy River àti Stony Brook ń gbé omi ẹ̀gbin wá síbẹ̀. Bí omi òkun bá fà, ẹ̀gbin á ṣí sílẹ̀ nínú oòrùn. Bí òkun bá kún tí òjò ńlá sì rọ̀, kò sí ibi tí omi máa gbà, á ya wọ àdúgbò. Olmsted jókòó ti Joseph P. Davis, ẹnjiníà ìlú. Wọ́n gbé omi ẹ̀gbin gba páìpù ńlá mìíràn lọ. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn dá ìwọlé òkun dúró, kí omi inú adágún má baà máa lọ sókè sódò jù. Wọ́n fẹ̀ ẹ̀bá rẹ̀ kí ìkún omi lè rí ibi dúró sí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbin koríko tó lè fara da omi iyọ̀, kí ó lè rí bí irà etíkun. Back Bay Fens nìyẹn, ọ̀kan nínú ọgbà tó so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ títí dé Franklin Park, tí wọ́n ń pè ní Emerald Necklace. Nígbà tí wọ́n dí odò Charles River ní 1910, omi Fens di omi tí kò níyọ̀, koríko omi iyọ̀ sì kú.

Olmsted kó ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí Brookline, lẹ́bàá Boston, ní 1883. Ó ṣètò ilẹ̀ Ìpàtẹ Àgbáyé ti Chicago ní 1893, níbi tí wọ́n ti wa iyanrìn inú irà láti fi kún abẹ́ ilé. Ní 1895 ó fẹ̀yìn tì nítorí pé iyè rẹ̀ ń ra. Ilé ìwòsàn McLean ló kú sí ní 1903, lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà wọ́n nímọ̀ràn lé lórí. Àwọn ọmọ rẹ̀, John Charles àti Frederick kékeré, wà lára àwọn 11 tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1899. Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní 1900, John Nolen sì jáde níbẹ̀ ní 1905, ó di ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣètò ìlú ṣe iṣẹ́ jẹun. Nígbà tí àwọn olùṣètò ìlú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1917, Frederick kékeré ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Ní Boston, nínú àwọn ọdún 1950, wọ́n kó apá kan Muddy River sínú páìpù, wọ́n sì sọ orí rẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ní oṣù kẹwàá 1996, òjò rọ̀, odò kò rí ibi gbà, omi sì ya wọ ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Kenmore. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú páìpù náà. Ní 2016, apá àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà parí, odò sì tún ń ṣàn ní gbangba, níbi tí Olmsted ti fi í sí.