Ìwé Ìhù ni Ẹ Máa Pè É

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí wọ́n ṣe fún àwa tí à ń fi hóró tọ́ ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ kí a tó kó wọn lọ sórí ebè. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa, wọ́n ní ibẹ̀ ni ká máa kọ ohun tí a bá gbìn sí. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀: ÀKỌSÍLẸ̀ JẸ́LÉ-Ó-SINMI ÀWỌN Ọ̀GBÌN. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí bi mí léèrè pé ṣé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé ọmọdé sóko wa ni. Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Ohun tó kà ló ń béèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá orúkọ tó yẹ ìwé tí à ń kọ hóró tí a gbìn àti èyí tó hù sí.

Mo mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà débẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nursery, ni àwọn òyìnbó ní fún ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ kékeré. Ẹni tó túmọ̀ fọ́ọ̀mù ṣí ìwé atúmọ̀, ó bá jẹ́lé-ó-sinmi níbẹ̀, ó sì gbé e lé ata lórí. Ṣùgbọ́n jẹ́lé-ó-sinmi ní ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ kí àwọn ará ilé lè ráyè ṣiṣẹ́ wọn. Ọmọ ata kì í jẹ́ kí ilé ó sinmi. Omi àárọ̀, omi ìrọ̀lẹ́, òòrùn ọ̀sán, adìyẹ aládùúgbò, gbogbo rẹ̀ lẹ óò máa ṣọ́. Ẹni tó bá ti tọ́ ọ rí kò ní sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó ní Èkìtì níbí, nọ́sìrì ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ kòkó, kò sì sí ẹni tí kò yé. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ti ṣiṣẹ́ oko tó bẹ́ẹ̀ ti di tiwa. N kò bá a jà.

Èyí tí mo ń bá jà ni rẹ́kọ́ọ̀dù, tí àwọn kan fi ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àyálò tó bá bá nǹkan mìíràn nílé, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àwo orin ni rẹ́kọ́ọ̀dù létí Yorùbá. Ẹ sọ fún àgbàlagbà kan l'Ọ́jà Ọba l'Ádó pé ẹ ní rẹ́kọ́ọ̀dù tòmátì, orin ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ.

Àwọn kan wá ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é ní àkọsílẹ̀. Lórí èyí ni mo ti bá ènìyàn jiyàn jù. Ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ nípàdé, àkọsílẹ̀ ni. Ohun tí ọlọ́pàá gbà lẹ́nu ẹni, àkọsílẹ̀ ni. Orúkọ àwọn tó dáwó ìsìnkú, àkọsílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá gba gbogbo nǹkan mọ́ra kì í di ọ̀kan mú ṣinṣin. Bí ẹ bá ní kí àbúrò yín lọ mú àkọsílẹ̀ wá nínú yàrá, ó lè gbé ìwé ẹgbẹ́ jáde.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ ní Ìjerò, dá tirẹ̀: ìwé ìdàgbàsókè irúgbìn. Ó ti bá mi fà á fún bí ọdún méjì. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè jẹ́ ọ̀rọ̀ títì àti iná mànàmáná, àwọn olóṣèlú ti gbà á lọ́wọ́ wa. Èyí tó burú jù ni pé ohun tó bá ti hù nìkan ló lè dàgbà. Èmi ń wá ìwé tí yóò sọ fún mi nípa àwọn tí kò hù rárá, nítorí àwọn ni wọ́n jẹ owó mi.

Ìwé ìhù lèmi ń pè é. Hù ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ ń sọ: "Ṣé ó ti hù?" "Ó ti ń hù." "Kò hù, mo tún un gbìn." Ìwé sì ni ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa Èkìtì a máa pè é ní ùwé, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé tí a sì ń pe iṣu ní usu. Ẹ fi èyíkéyìí síwájú ìhù, yóò yé ará ilé yín. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjerò ní orúkọ mi náà kò ka àwọn tí kò hù sí. Mo ní kó wo ìwé gbèsè tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń lò. Ẹni tó ti san wà níbẹ̀, ẹni tí kò san wà níbẹ̀, kódà nítorí ẹni tí kò san ni wọ́n ṣe ra ìwé náà. Kò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Kí wá ni ìwé ìhù ń ṣe? Ẹ rántí káàdì àjọ. Ẹ ń san owó lójoojúmọ́, alájọ ń fa ìlà sójú káàdì, nígbà tí oṣù bá parí, yóò mú owó ọjọ́ kan, yóò sì kó ìyókù fún yín. Bí ẹ bá san ti ọjọ́ 31, tí ó kó ti ọjọ́ 30 fún yín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló mú. Bí ó bá kó ti ọjọ́ 20 fún yín, ẹ óò na káàdì sí i lójú. Ẹni tí kò ní káàdì, ariwo nìkan ló lè pa. Ilẹ̀ náà jẹ́ alájọ. Ẹ kó hóró fún un, yóò mú díẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà bí ewé tútù. Ìwé ìhù ni káàdì yín. Ohun tí ẹ kó sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ kó o, ọwọ́ ẹni tí ẹ ti rà á, ohun tó padà, ọjọ́ tó padà: gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ fún tíréè kan tí ẹ gbin hóró sí.

Fọ́ọ̀mù Ìkọ̀lé kò ní àyè fún iye hóró, kò ní àyè fún ibi tí a ti rà á. Ó ní àyè fún ìbuwọ́lùwé méjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlà méjì inú ìwé tèmi hàn yín. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, mo gbin ata rodo 120 hóró tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èyí àkọ́kọ́ yọjú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrìndínlógún, 54 ló hù. Lọ́jọ́ kan náà, nínú yẹ̀pẹ̀ kan náà, mo gbin 60 hóró tí mo fọwọ́ ara mi yọ nínú ata tó pọ́n dáadáa tí mo sì sá níbòòji, 51 ló hù. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún, ti ọjà mú 45 wá, tèmi mú 85. Ká ní n kò ṣí ìwé ni, ǹ bá ti sọ pé yẹ̀pẹ̀ ni kò dáa, tàbí pé ọyẹ́ ló ṣì wà nílẹ̀. Ata fẹ́ ooru lóòótọ́, ẹni tó bá gbìn ín nígbà ọyẹ́ lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò dúró pẹ́ kó tó rí i. Ṣùgbọ́n tíréè méjèèjì jọ wà lábẹ́ ìbòòji kan ni.

Iye tó hù nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, àwọn kan ti dá orúkọ fún un, wọ́n ní ìdáhù. Ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ìdáhùn lẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìwọ̀n ìhù, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí hóró bá wà nínú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ dì, ìwọ̀n ìhù lè wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ni. Ọ̀rá tó ti lo oṣù mẹ́fà nínú òòrùn lórí tábìlì ọjà ti di nǹkan mìíràn. Àwọn ilé àyẹ̀wò irúgbìn a máa ka 400 hóró, ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́rin, kí wọ́n tó kéde. Èmi máa ń ka 20 sínú aṣọ tútù, n óò ká a, n óò fi sínú ọ̀rá, n óò gbé e sí ibi tó móoru. Bí 17 bá hù, mo ti mọ irú ọjà tó wà lọ́wọ́ mi kí n tó fi yẹ̀pẹ̀ ṣòfò. Àwọn kan á ní híhù lábẹ́ ilẹ̀ àti yíyọ sókè kì í ṣe ọ̀kan. Àgbẹ̀ kò lè ka ohun tí ojú rẹ̀ kò rí, n kò ní lo àyè yìí lé e lórí.

Ohun tí mo fẹ́ lo àyè lé lórí ni àmì ohùn. Hù ni kí irúgbìn yọ. Hú ni kí á fà á tu kúrò nínú ilẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìhù, nítorí ọjọ́ tí ata hù àti ọjọ́ tí a hú u lọ gbìn sórí ebè, méjèèjì la nílò. Lọ́dún tó kọjá, mo rin ìrìn àjò, mo sì ní kí ọmọ àbúrò mi máa kọ ọ́. Mo dé, mo bá "tomati, hu, ojo 22" nínú ìwé. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo kà á sí hù, mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, mo ní kí ẹni tó ti sanwó ọmọ tòmátì 80 dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Hú ni ọmọ náà ní lọ́kàn. Ó ti tú wọn sínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà, wọ́n ti tó kó lọ. Nígbà tí oníbàárà fi máa padà wá, wọ́n ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yẹ kó gba owó rẹ̀, mo sì dá a padà fún un. Àmì kékeré kan ni. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé Yorùbá kò nílò àmì ohùn, ẹ bi í bóyá ó ti ta ọmọ tòmátì rí.

Àyè kan tún yẹ kó wà tí ọ̀pọ̀ kì í fi sílẹ̀: àwọn tó hù tí wọ́n sì kú. Ẹ máa rí i, yóò yọjú dáadáa, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìdí rẹ̀ níbi tó ti kan yẹ̀pẹ̀ á dúdú, á rọ̀, á sì dùbúlẹ̀. Omi àpọ̀jù àti yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ ló ń fà á. Ẹ má kọ ọ́ mọ́ àwọn tí kò hù. Ẹni tó ta hóró kò jẹ̀bi ìyẹn, ọwọ́ tó ń bomi ni.

Ohun tí ẹ ṣe sí hóró kí ẹ tó gbìn ín náà ṣe pàtàkì, pàápàá ewédú. Èèpo hóró rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa dì í sínú aṣọ, wọn a tì í bọ inú omi tó ń hó, kò ní ju bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, wọn a sì yára yọ ọ́. Ẹ kọ "omi gbígbóná" sí ìlà rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ óò fi ìwọ̀n ìhù ewédú tí ẹ bọ̀ wé èyí tí ẹ kò bọ̀, ẹ óò sì lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà láìnídìí. Ti kòkó kò gba àlàyé púpọ̀: hóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú bí a bá ti yọ ọ́ nínú pódì, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ là á ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sára igi tí ẹ óò rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tíréè. Òjò á fọ báírò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa ń la ọparun pẹlẹbẹ, gígùn ìka méjì, mo kọ nọ́ńbà nìkan sí i, nọ́ńbà yẹn ló wà nínú ìwé.

Bàbá kan wà ní Òmùò tí kò kàwé. Ara ilẹ̀kùn ahéré rẹ̀ ni ìwé ìhù rẹ̀ wà. Èédú ló fi ń fa á: ìlà gígùn fún ọjọ́ tó gbin ìgbá, ìlà kúkúrú fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi dúró, àmì róbótó fún ọjọ́ tó rí ewé. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ìlà mẹ́ta tí àmì róbótó kò sí ní òpin wọn, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ ẹnì kan náà ni mo ti rà wọ́n." Kò rà lọ́wọ́ ẹni náà mọ́.