Álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò inú omi

Ní ọ̀pọ̀ ilé tó ń mu omi kànga, bí òjò bá ti rọ̀ tí omi pọ́n, álọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń sáré wá. Wọ́n á fi òkúta funfun náà ro omi yí po nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti tòrò, ó mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á ní kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, wọ́n á sì bu ú fún ọmọ mu. Ọ̀rọ̀ yìí ń kó mi lọ́kàn sókè gan-an, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹrẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń bá jà. Ẹrẹ̀ inú omi kúnná ju kó rì fúnra rẹ̀ lọ, ṣe ni àwọn hóró rẹ̀ sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Álọ́ọ̀mù á mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di ìṣùpọ̀, wọ́n á wá rì. Lóòótọ́, ìṣùpọ̀ yẹn máa ń gbá ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kú. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n wà. Bí ẹnì kan bá ti ki kọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́ tó kan ìsàlẹ̀, wọ́n ti tún gbéra. Àwọn tí kò bá ẹrẹ̀ rì ńkọ́? Ojú lásán ò lè rí wọn. Bí ọgọ́rùn-ún kòkòrò kọ́lẹ́rà bá tò tẹ̀léra, ìlà wọn ò tó mìlímítà 1.

Ilé-iṣẹ́ omi náà ń lo álọ́ọ̀mù. Ní Ìbàdàn, ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà tó fi di adágún Ẹlẹ́yẹlé. Kí irú omi adágún bẹ́ẹ̀ tó ṣeé mu, wọ́n á kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù rẹ ẹrẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gba inú iyanrìn kọjá, lẹ́yìn náà ni kílórínì tó ń pa kòkòrò yóò wọlé. Ìdí wà tí álọ́ọ̀mù fi ń ṣíwájú: bí ẹrẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, òun ni yóò jẹ kílórínì tán kó tó kan kòkòrò.

Àjọ WHO fẹ́ kí kílórínì ṣẹ́ kù nínú omi títí dé ẹnu ẹ̀rọ, ó kéré tán mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan. Òórùn díẹ̀ táwọn èèyàn ń gbọ́, tí wọ́n ń pè ní májèlé, òun nìyẹn, ó sì níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ páìpù ìgboro wa ló gba inú gọ́tà kọjá. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń ti omi dákẹ́, páìpù tó bá ti lu á máa fa omi gọ́tà mu. Kílórínì tó ṣẹ́ kù ló ń kojú ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù, apá rẹ̀ ò ní ká a.

Ẹni tó ti fi álọ́ọ̀mù sómi nílé, kó rọra da èyí tó tòrò sínú garawa mìíràn láì rú ìsàlẹ̀. Kó wá sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kó lo oògùn kílórínì tí wọ́n ń tà fún omi mímu, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, kó sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Inú ike tó ní ìdérí ni kó tọ́jú rẹ̀ sí.