Àkísà Tó Ń Tún Ilé Ṣe Ló Ń Ba Ilé Jẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì, ìgbẹ́ gbuuru náà sì ni. N kò tíì bi í léèrè ohunkóhun tó fi ń dá mi lóhùn: "Nọ́ọ̀sì, eyín ló ń hù o." Mo ní ṣé eyín ọ̀hún kò ní í hù tán ni? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ti sú mi: eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Eyín a máa mú kí itọ́ ṣàn lẹ́nu ọmọ, erìgì á máa yún un, á sì fẹ́ máa ki ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà sẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àsìkò tí eyín ń yọ náà ni ọmọ ń rákòrò, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo ilé, tó ń wá ohun tó sọnù lábẹ́ àga kó lè fi jẹun. Ohun tó wà nílẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ fi eyín sílẹ̀, ẹ wo ilẹ̀.

"Ilé mi mọ́ o," ìyá náà fèsì, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ mi dùn ún díẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe irọ́. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń nulẹ̀, ilé wọn ń ta sánsán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Àkísà mélòó lẹ ní?" Ó wò mí títí. Ó ní ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n àwọn máa ń fọ̀ ọ́.

Àkísà kan ṣoṣo! Bó bá nu tábìlì tán, á nu ibi tí wọ́n gé ẹran sí. Bó bá kúrò níbẹ̀, á nu ọwọ́ fíríìjì, á nu àga ọmọ, á tún nu ilẹ̀ tí ọmọ tọ̀ sí. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún un, wọ́n á fi há ẹnu ẹ̀rọ omi, ibẹ̀ ló máa wà ní tútù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìmọ́tótó wo ló wà nínú ìyẹn? Ìdọ̀tí ni wọ́n ń kó kiri láti yàrá dé yàrá, tí wọ́n ń fi òórùn ọṣẹ tẹ̀lé e.

Mi ò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ níbí. Ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Àkísà àti kànìnkànìn ni mo bá wá.

Ohun mẹ́ta ni kòkòrò àìfojúrí ń wá láyé: omi, oúnjẹ, àti ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kànìnkànìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìfọwọ́ yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Bí ibùgbé bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ìṣẹ́jú 20 péré ni ẹyọ kan lè fi di méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti di 8. Bí ẹ bá sùn fún wákàtí 7, ẹyọ kan tó kù lára kànìnkànìn lálẹ́ ti lé ní mílíọ̀nù 2 kí ẹ tó jí. Òótọ́ ni pé gbogbo wọn kọ́ ló ń yára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé ẹyọ kan ló kù síbẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ sùn?

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Jámánì gbé ìwádìí jáde lórí kànìnkànìn 14 tí àwọn ènìyàn ti lò nínú ilé ìdáná wọn. Níbi tí kòkòrò ti pọ̀ jù, ègé kan tí kò ju orí ìka lọ gbé ohun tó lé ní bílíọ̀nù 50 dání. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan, n kò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Àmọ́ ibi tí aláìléwu bá ti rí ilé gbé, eléwu náà á rí yàrá níbẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kànìnkànìn tí àwọn onílé ní àwọn ń fọ̀ dáadáa kò sàn ju ti àwọn tí kì í fọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ènìyàn máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ará Jámánì, ta ló máa gbọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá aṣọ àtijọ́, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó pọ̀. Ẹ fi àwọ̀ pín in: pupa fún tọ́lẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ewé fún ilé ìdáná, búlúù fún àwọn yàrá yòókù. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń fi àwọ̀ pín tiwọn bẹ́ẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí mo jẹ́ ọ̀gá fún, ẹni tó bá gbé àkísà pupa kọjá ẹnu ọ̀nà tọ́lẹ́ẹ̀tì máa rántí orúkọ mi títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Èyí tí ẹ bá lò lónìí, ẹ má lò ó lọ́la láìsè é nínú omi tó ń hó, kí ẹ sì sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú. Gbígbẹ yẹn ni kí ẹ má fojú kéré, nítorí láìsí omi, kòkòrò wọ̀nyí kò lè bí sí i. Tí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ tàbí èébì lẹ fẹ́ nù, ẹ lo pépà, kí ẹ sọ ọ́ nù. Ẹran adìẹ tútù náà, ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ mọ́. Omi tó ń ta pàràpàrà yẹn ń gbé kòkòrò dé orí abọ́ tí ẹ ti fọ̀ tán, iná tí ẹ máa fi sè é ló ń pa wọ́n.

Ọwọ́ ńkọ́? Ọṣẹ, omi, ìṣẹ́jú-àáyá 20. Mo ti sọ̀rọ̀ ọwọ́ títí ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ní ọdún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ní Vienna sọ pé kí àwọn dókítà tó ń ti ibi òkú bọ̀ fi omi tí wọ́n po kilorínì sí fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dípò kí wọ́n dúpẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bínú pé ó pe ọwọ́ àwọn ní ìdọ̀tí. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ ló kú sí ní 1865. Nígbà míì tí mo bá ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, mo máa ń rántí ọkùnrin yìí.

Kilorínì tí mo dárúkọ yẹn ló wà nínú bílíìṣì, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ bá àwọn kan jà. Àwọn tó ń ta omi aláwọ̀ nínú ike tí kò ní àkọlé, tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò gbogbo. Àwọn tó ń ya fídíò pé kí ẹ po eléyìí mọ́ tọ̀hún. Ìwé wo ni wọ́n kà? Òórùn kì í pa kòkòrò. Bílíìṣì pàápàá kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdọ̀tí, ọṣẹ àti omi ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú rẹ̀. Omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, oòrùn ń bà á jẹ́, èyí tí ẹ bá sì po lánàá kò níláárí mọ́ lẹ́yìn wákàtí 24. A kì í dà á sórí ìtọ̀ tí a kò tíì fi omi ṣàn, a kì í sì í pò ó mọ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí omi.

Ọkùnrin kan pò ó. Ọ̀kan nínú àwọn olùtajà yẹn ló sọ fún un pé bó bá da bílíìṣì mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, agbára wọn á di ìlọ́po méjì. Ó wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ó pa ilẹ̀kùn dé kí òórùn má baà jáde sí yàrá, ó da méjèèjì pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Gáàsì kilorínì ló jáde lójú ẹsẹ̀. Gáàsì yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù Kẹrin ọdún 1915. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń bà lé.

Mo ti sọ fún yín pé ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rìn, tó ń rákòrò, ti tẹ̀lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó jókòó síta, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn kí bàbá ṣí i, gáàsì sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde bọ̀ wá bá a.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé dé. Ojú bàbá ti wú, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Ọmọ náà kò sunkún. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ máa ń bẹ̀rù ọmọ tí kò sunkún ju èyí tó ń ké lọ. A fi ọ́síjìn sí i, a jókòó tì í mọ́jú. Láàárín òru, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ń sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àwọn ọ̀tá ló rán nǹkan sí wọn. Mo ní ọ̀tá náà wà nínú ike méjì nílẹ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì, kí ó lọ kà á, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ, ẹ jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ má pa dà wọlé lọ fi omi ṣan ohun tí ẹ dà sílẹ̀, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní mílíìkì pé ó máa pa oró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kódà bí ikọ́ náà bá ti ń rọlẹ̀, nítorí omi lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà sunkún, ó ké débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù kejì. Nígbà tí bàbá fẹ́ máa gbé e lọ sílé, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, nínú méjèèjì, èwo gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ dà?"

Mo ní kó lọ ra ọṣẹ.